Bí a ṣe ń ṣírò iye ọmọ tí obìnrin ń bí ní àdúgbò kan l'Ékòó, àti bí a ṣe ń fi wé ti orílẹ̀-èdè mìíràn

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìwé àti bírò wọ ojúlé ní Mushin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó láti béèrè iye ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn kó tó kan ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ gan-an ni òǹkà ti ń bàjẹ́. Ìyá tí kò fẹ́ kí wọ́n ka ọmọ òun á pe márùn-ún ní mẹ́rin. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan ti kú á fo ìyẹn kọjá. Bí irú èyí bá pọ̀, ìwé á sọ pé ìbímọ ti dín kù ní àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni kò dáa.

Òṣìṣẹ́ ìlera, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ àdúgbò tó fẹ́ mọ iye ọmọ tó ń bọ̀ la kọ èyí fún. Kò gba ẹ̀rọ ńlá. Fóònù tó ní kakulétọ̀, ìwé ìbéèrè olójú méjì, àti sùúrù tó pọ̀ ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. Iye tí ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde, pé obìnrin Nàìjíríà ń bí ọmọ 5.3 gẹ́gẹ́ bí NDHS 2018, ìwádìí gbogbo Nàìjíríà lórí iye èèyàn àti ìlera, ṣe sọ, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní TFR. Ohun tó ń sọ rèé: bí obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15 títí dé 49, tó sì ń bímọ ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan bí àwọn obìnrin àsìkò yìí ṣe ń bí, mélòó ni yóò bí? Kì í ṣe iye ọmọ tó ń sùn nínú ilé. Kì í sì í ṣe iye ọmọ ọkọ: bàbá tó ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ méjìlá, ọmọ mẹ́rin ló kan ìyàwó kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò wa.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà. Wọ́n á lọ sí ilé ìwé kan ní Sùúrùlérè, wọ́n á bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè pé "Ọmọ mélòó ni ìyá yín bí?", wọ́n á wá pín in. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní obìnrin mẹ́rin ló wà ní àdúgbò: ọ̀kan kò bí, ọ̀kan bí ọ̀kan, ọ̀kan bí mẹ́ta, ọ̀kan bí mẹ́fà. Ọmọ mẹ́wàá fún obìnrin mẹ́rin, 2.5 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn ọmọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹnì kan á ní "ọ̀kan", ẹni mẹ́ta á ní "mẹ́ta", ẹni mẹ́fà á ní "mẹ́fà". Àpapọ̀ jẹ́ 46, ẹ pín in sí mẹ́wàá, ó di 4.6. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ní ẹlẹ́rìí mẹ́fà, obìnrin tí kò bí kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Obìnrin fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ bi, tó fi mọ́ èyí tí kò tíì bí.

Ìwé àkọsílẹ̀ matánítì náà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá tó ń gbé ní Ìkòròdú lè wá bímọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ matánítì sì lè bímọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí tàbí ní ilé àdúrà. Àwọn tó bí níbẹ̀ àti àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà.

Yíyan ojúlé

Ẹ lọ kí baálẹ̀, alága CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) àti ìyálọ́jà ṣáájú, kí ẹ sì mú lẹ́tà láti ìjọba ìbílẹ̀ dání. Ẹ ya àwòrán òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ gbogbo ìdílé inú rẹ̀ sílẹ̀. Ìdílé ni mo sọ, kì í ṣe ilé. Ilé face-me-I-face-you kan ní Bàrígà lè ní yàrá mẹ́rìndínlógún, kí ìdílé mẹ́rìndínlógún máa dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fo bọ́ìsì kọ́tàsì ẹ̀yìnkùlé, ẹ má fo ṣọ́ọ̀bù tí ẹnì kan ń sùn sí, ẹ má fo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ká ní ẹ kọ ìdílé 2,400, tí agbára yín sì gbé 600. 2,400 pín sí 600 jẹ́ 4. Ẹ kọ 1, 2, 3, 4 sórí bébà, kí ẹ ká a, kí ẹnì kan mú ọ̀kan. Bó bá mú 3, ìdílé kẹta lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí, lẹ́yìn náà keje, ìkọkànlá, títí lọ. Ẹ má gbà kí olùbéèrè fi ìdílé tó wù ú rọ́pò èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn títì yìí ṣe pàtàkì. Ta ló máa wà nílé ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè? Ìyá ọmọ tuntun ni. Obìnrin tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Marina ti jáde láti ìdájí. Bí ẹ bá ka àwọn tó wà nílé lọ́sàn-án nìkan, ìwọ̀n ìbímọ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí ọ̀kan jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ẹ tó kọ ọ́ pé ẹ kò bá a.

Gbogbo obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 49 tó ń gbé nínú ìdílé náà lẹ máa bi, ìyàwó ilé, àbúrò ìyàwó, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Fún ẹni tí kò tíì pé 18, ẹ gba ìyọ̀ǹda alágbàtọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba tirẹ̀ náà. Ní Mákòókó, ẹ wá olùbéèrè tó gbọ́ Ègùn. Ẹ má fi aládùúgbò ṣe ògbufọ̀, torí kò sí obìnrin tó máa sọ̀rọ̀ ọmọ tó bí kó tó wọlé ọkọ lójú aládùúgbò.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀

Obìnrin ni kó bi obìnrin, ní kọ̀rọ̀, kí ìyá ọkọ má jókòó tì wọ́n. Ẹ kí i bí àdúgbò ṣe ń kí i. Bí wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Sọ́díìkì, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀, "Àǹtí" tàbí "Mà" ti tó, torí pé ẹ lè pe ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́jọ ní "Ìyá", kí ojú rẹ̀ sì yí padà kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. "Ṣé ẹ ti bímọ rí?" ni. Ẹni tó bá ní rárá, ẹ fi ọ̀wọ̀ tẹ̀ síwájú.

Ẹ ṣọ́ra fún "Ọmọ mélòó lẹ ní?" pẹ̀lú. Lédè wa, ọmọ orogún, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó kú, ọmọ tí wọ́n mú wá láti ìlú, gbogbo wọn ni "ọmọ mi". Ìyá tó dáa kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì yẹ kí ẹ bá a jiyàn. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín nípa àwọn tí ẹ fi inú yín bí nìkan." Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ sì bi ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, nínú ìpín kọ̀ọ̀kan:

Àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ yín níbí, mélòó?
Àwọn tó ń gbé níbòmíràn, bóyá lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nílé ìwé tàbí nílé ọkọ, mélòó?
Ǹjẹ́ ẹ bí èyí tó ké tàbí tó mí lẹ́yìn ìbí, àmọ́ tí kò dúró?

Ìkẹta yìí ni òǹkà dúró lé. Ẹ má sọ "èyí tó kú". Ẹnu wa kì í gbé e. Àwọn ìyá á ní "kò dúró", "ó padà", "Ọlọ́run gbà á". Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Bó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má yára ṣí ojú ìwé. Ẹ kí i pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, bó bá jẹ́ ìkókó, kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ọmọ tó mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jẹ́ ọmọ tí a bí, a ó kà á. Èyí tó kú sínú kó tó wáyé àti oyún tó bàjẹ́ kò sí nínú òǹkà yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn: orúkọ, akọ tàbí abo, oṣù àti ọdún tí a bí i, ṣé ó wà láyé. Ìbejì gba ìlà méjì. Ẹ ní kí ìyá mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, kí ẹ fi rí oṣù.

Níbí ni orúkọ Yorùbá ti ń bá wa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí Ìdòwú nínú ìlà, tí kò sí Táyéwò àti Kẹ́hìndé lókè rẹ̀, ẹ rọra béèrè. Bí ẹ bá rí Àlàbá, ẹ wo òkè rẹ̀ bóyá Ìdòwú wà. Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrósinmí àti Kásìmáawòó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti wá kó sì ti padà kí ọmọ yìí tó dé. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí tó parí o, wọ́n lè fi orúkọ bàbá àgbà sọ ọmọ, àmọ́ ó tó láti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bákan náà, bí ọmọ méjì bá fi ju ọdún mẹ́rin lọ síra, ẹ bi í bóyá ẹnì kan wà láàárín. Bí wọn kò bá sì fi tó oṣù méje síra, tí wọn kì í ṣe ìbejì, ọjọ́ kan ti yí nínú méjèèjì.

Ọjọ́ ìbí ìyá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má béèrè ọjọ́ orí nìkan. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sọ 30, 35, 40. Bí ẹni 30 bá pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ìwé yín, tí ẹni 29 àti 31 sì ṣọ̀wọ́n, ìmẹ́fò ni. Ẹ wo káàdì ìdìbò tàbí ìwé NIN rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lo ohun tí Èkó ò lè gbàgbé: FESTAC ti 1977, ìjọba Jakande láti 1979 sí 1983, ìgbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní December 1991, June 12 ti 1993, ikú Abacha ní June 1998, bọ́ǹbù Ìkẹjà ní January 2002. "Ìgbà tí bọ́ǹbù dún, kíláàsì mélòó lẹ wà?" máa ń mú ìdáhùn tó dáa wá.

Ìṣirò

A ó lo oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ọdún kan kéré jù, ọmọ inú rẹ̀ kò ní pọ̀ tó.

A pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà méje: 15 sí 19, 20 sí 24, títí dé 45 sí 49. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í dúró sójú kan fún ọdún mẹ́ta. Ẹ wo ẹnì kan tó pé ọdún 26 àti oṣù 4 lónìí. Ní oṣù 36 sẹ́yìn, ó jẹ́ ọdún 23 àti oṣù 4. Láti ìgbà náà títí ó fi pé 25, oṣù 20 ló lò ní ìpín 20 sí 24. Oṣù 16 tó kù wà ní ìpín 25 sí 29. Ẹ kọ méjèèjì sí àyè wọn. Bó bá bímọ ní oṣù 30 sẹ́yìn, ọdún 23 àti oṣù 10 ló wà nígbà náà, ìpín 20 sí 24 ni ọmọ náà ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ti kúrò níbẹ̀ lónìí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ọmọ sí ìpín tí ìyá wà lónìí.

Ẹ kó gbogbo oṣù inú ìpín kọ̀ọ̀kan jọ, ẹ pín in sí 12, ó di ọdún-obìnrin. Ẹ wá fi ọdún-obìnrin pín iye ọmọ. Àpẹẹrẹ tí a fi ń kọ́ni rèé, kì í ṣe ti àdúgbò kankan:

15–19: ọdún-obìnrin 360, ọmọ 9, ìwọ̀n 0.025
20–24: 340, ọmọ 34, 0.100
25–29: 350, ọmọ 63, 0.180
30–34: 300, ọmọ 54, 0.180
35–39: 220, ọmọ 22, 0.100
40–44: 150, ọmọ 6, 0.040
45–49: 80, kò sí ọmọ, 0

Ẹ ro àwọn ìwọ̀n pọ̀: 0.625. Ọdún márùn-ún ni obìnrin ń lò nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún: 3.125, ìyẹn 3.1. Ẹni tó bá gbàgbé ìlọ́po márùn-ún yìí á kéde pé obìnrin àdúgbò òun kì í bí tó ọmọ kan.

Ọmọ 188 péré ni gbogbo èyí dúró lé. Bí a bá wo bí iye ṣe lè yí nípa orí-ire nìkan, òótọ́ lè wà níbikíbi láàárín 2.7 sí 3.6. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé. NDHS 2018 fún Ìpínlẹ̀ Èkó ní 3.4, nítorí náà ẹni tó bá rí 3.1 kò tíì lè sọ pé àdúgbò òun ń bímọ kéré sí Èkó tó kù.

Kí ẹ tó gbàgbọ́ iye yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Olùbéèrè tó ti rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tó bá wọ inú oṣù 36 á mú ìbéèrè púpọ̀ wá, ó lè ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè tètè parí. Àmì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta á pọ̀ gidigidi, àwọn ọmọ ọdún méjì á kéré. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá padà sí ìdílé kan nínú mẹ́wàá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ sì ka àwọn ọmọ tí kò dúró. Ní gbogbo Nàìjíríà, NDHS 2018 rí i pé nínú ọmọ 1,000, 132 kò pé ọdún márùn-ún. Bó ti wù kí Èkó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìdílé 600 bá sọ pé kò sí ọmọ kankan tó kú rí, àwọn ìyá kò sọ fún yín.

Fífi wé ti òkèèrè

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nínú NDHS 2018 kan náà tí Èkó ti jẹ́ 3.4, Katsina jẹ́ 7.3. Gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 6.0 ní 1990, 5.3 ní 2018, ó sì di 4.8 nínú ìwádìí 2023 sí 2024. Ẹni tó bá fi "Nàìjíríà" wé orílẹ̀-èdè mìíràn láìpín in ti da nǹkan tí kò jọra pọ̀.

Ẹ má fi ọdún kan ṣoṣo dájọ́. Ní Jàpáàn, wọ́n gbà pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí ní ọdún tí wọ́n ń pè ní Hinoe-uma á le fún ọkọ. Ọdún náà bọ́ sí 1966, TFR wọn sì já láti 2.14 sí 1.58, ó tún gòkè sí 2.23 ní 1967. Ní Ròmáníà, ìjọba fòfin de oyún ṣíṣẹ́ ní 1966, ìbímọ sì fò láti 1.9 sí 3.7 láàárín ọdún kan, kó tó tún máa wálẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe wá ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá wo 1966 ti Jàpáàn tàbí 1967 ti Ròmáníà nìkan á ṣìnà.

Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn ni ìfàsẹ́yìn. Bí àwọn ọmọbìnrin tó yẹ kí wọ́n bí àkọ́bí ní 25 bá sún un di 28 nítorí ilé ìwé, iṣẹ́ àti owó ilé, TFR á lọ sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń sún un, kódà bí iye tí wọ́n máa bí tán kò bá yí padà. Láti mọ èyí, ẹ wo iye ọmọ tí àwọn obìnrin 40 sí 49 ti bí tán, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ TFR. Ti Gúúsù Kòríà kọjá ìfàsẹ́yìn: bíi 6 ni wọ́n ń bí ní 1960, ó di 0.72 ní 2023, ó gbéra díẹ̀ sí 0.75 ní 2024.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ pé òfin ló dín ọmọ kù. Ní Ṣáínà, ìwọ̀n ìbímọ ti já láti nǹkan bí 6 ní 1970 sí ìsàlẹ̀ 3 kí òfin ọmọ kan tó dé ní ìparí ọdún mẹ́wàá náà. Nàìjíríà náà ní ètò kan ní 1988 tó dá a lábàá pé kí obìnrin má bí ju mẹ́rin lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, a ṣì wà ní 5.3. Ibi tí iye náà ti wálẹ̀ ni ibi tí ọmọbìnrin ti pẹ́ nílé ìwé: nínú NDHS 2018, obìnrin tí kò kàwé rárá jẹ́ 6.7, ẹni tó kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì jẹ́ 3.4.

Wọ́n máa ń pe 2.1 ní iye tí àwọn ọmọ fi ń rọ́pò òbí. Ibi tí ọmọdé kì í ti í sábà kú ni ìyẹn wà fún. Níbi tí ọ̀pọ̀ kò ti pé ọdún márùn-ún, ó gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún sẹ́ńtà ìlera àdúgbò, TFR gan-an kọ́ ni wọ́n nílò jù. Ẹ padà sórí ọmọ 188 yẹn. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́ta, ó di bíi 63 lọ́dún. Ìdílé kan nínú mẹ́rin lẹ bi, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: nǹkan bí ọmọ tuntun 250 lọ́dọọdún. Ẹ kọ iye yìí sórí bébà kan ṣoṣo fún nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ ya ojú ewé tí orúkọ àwọn ìyá wà kúrò lára ìwé ìbéèrè, kí ẹ sì sun ún.